Ọjọ́ Tí Vaimoana Jókòó Sílẹ̀

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn òkun rí ọ̀nà kọjá láàárín wa, nítorí ìtàn tí mo mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí a ń pariwo sọ. Mo ṣèlérí fún yín pé kò sí iwin nínú rẹ̀, kò sí ọba tó di ẹja. Síbẹ̀ ẹ̀rù yóò bà yín díẹ̀, irú ẹ̀rù tó máa ń ba ènìyàn nígbà tó bá wọ ilé ìsìn tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀.

Obìnrin kan ló ni ìtàn náà. Vaimoana ni orúkọ rẹ̀, ará Lotofale ní àwọn erékùṣù Haʻapai, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé bí ènìyàn bá gun igi àgbọn kan ṣoṣo, yóò rí òkun níwájú, yóò rí òkun lẹ́yìn. Aṣọ èèpo igi ni Vaimoana ń ṣe. Bí òòlù igi rẹ̀ bá ń dún kò, kò, kò láàárọ̀, àwọn ará abúlé á mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn. Bí ó bá ń dún kòkòkòkò, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà lọ sódò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Òun ni ẹ̀gbọ́n Uaisele, bàbá Peni. Ní Tonga, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni tó jẹ́ obìnrin, ó ju bàbá ẹni lọ. Fahu ni wọ́n ń pe ipò náà. Ohunkóhun tí ọmọ àbúrò rẹ̀ bá ní, tirẹ̀ ni: ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, iṣu rẹ̀, títí dórí ẹ̀wù tó wà lọ́rùn rẹ̀. Bó bá ní kó lọ, á lọ; bó bá ní kó dúró, kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀. Bó bá sì yọ sí ibi tí ọmọ náà wà, ọmọ náà á yára jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí orí rẹ̀ má baà ga ju ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá dúró lé fahu rẹ̀ lórí, bí àìsàn bá ṣe é lẹ́yìn náà, wọn kì í kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọsibítù. Ọ̀dọ̀ fahu ni wọ́n ń gbé e lọ kó lọ tọrọ àforíjì.

Peni yìí, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Uaisele bí, ló wọ iṣẹ́ ológun. Kò tíì pẹ́ níbẹ̀ nígbà tí ìjọba kéde pé àwọn ọmọ ogun Tonga yóò lọ sí Ìráàkì, kí wọ́n lọ ran àwọn orílẹ̀-èdè ńlá lọ́wọ́ nínú ogun tí wọ́n ń jà níbẹ̀. Orúkọ Peni wà nínú àwọn tí yóò lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àlùfáà gbàdúrà fún wọn.

“Olúwa, ṣọ́ àwọn ọmọ wa tó ń lọ.”

“Àmín!” Àmín ti Vaimoana mú páànù òrùlé gbọ̀n.

“Olúwa, jẹ́ kí wọ́n ṣẹ́gun àwọn ọ̀tá wa.”

“Àwọn wo?” ni Vaimoana béèrè láti ìjókòó rẹ̀.

Àlùfáà la ojú kan. “Màmá, àdúrà là ń gbà lọ́wọ́ o.”

“Mo mọ̀. Èmi náà fẹ́ mọ ẹni tí à ń gbà á lé lórí ni. Àwọn ará Ìráàkì, ṣé wọ́n jí ẹlẹ́dẹ̀ wa ni? Ta ló ti rí ọ̀kan nínú wọn rí? Mi ò ṣe àmín sí ìyẹn. Ẹ bá mi gba òmíràn.”

Bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Motuliki, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, gbóhùn sókè láti ẹ̀yìn: “Àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba òmíràn fún wọn! Iṣu tí mo fi òkúta gbígbóná bò nínú ilẹ̀ ń jóná.”

Ilé ìsìn bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ ni Vaimoana ti ń sọ ọ́ ní gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dé, ní ṣọ́ọ̀bù, ní èbúté, lójú ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti lójú ẹni tí kò fẹ́: ogun yìí kì í ṣe tiwa, kò sì dára. Àwọn kan ní ojo ni. Àwọn kan ní ó kórìíra àwọn ọmọ ogun. Síbẹ̀, nígbàkigbà tí àwọn ọmọ náà bá ń sáré lójú ọ̀nà láàárọ̀, tí wọ́n ń fi ara ṣe eré ogun, àgbọn tútù tí wọ́n á bá lẹ́bàá ọ̀nà, tí ẹnu rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí, Vaimoana ló ń kó o síbẹ̀.

Motuliki bi í léèrè. “Vai, èwo la fẹ́ gbà gbọ́ báyìí? O ní o ò fẹ́ ogun, o sì ń fún ológun lómi mu.”

“Ogun ni mo bá jà, mi ò bá ọmọ jà. Ṣé ẹni tó kórìíra òjò ló máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tí òjò pa?”

Motuliki họ orí.

Ohun tó wà lọ́kàn gbogbo Lotofale kò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n mọ̀ pé bí Vaimoana bá la ẹnu tó ní “Peni, dúró,” Peni yóò dúró ni. Ọmọ náà sì ti búra fún orílẹ̀-èdè. Bí ó bá dúró, ẹ̀wọ̀n ni, pẹ̀lú ìtìjú tí yóò gbó mọ́ ọn lára. Bí ó bá lọ láìgba àṣẹ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó ti gbé ègún dání lọ sójú ogun. Gbogbo ojú wà lára ẹnu obìnrin náà.

Uaisele wá bá a sọ ọ́. Àbúrò ọkùnrin kì í wọ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, wọn kì í sì í tàkúrọ̀sọ bí ọ̀rẹ́. Ẹ̀yìn ọgbà ló dúró sí, ó kọjú sí igi eléso kan, ó wá fi Lupe, ìyàwó rẹ̀, sí àárín.

“Lupe, bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo kí wọn.”

“Ó kí yín,” ni Lupe wí.

“Sọ fún un pé mo gbọ́. Etí mi kò di,” ni Vaimoana dáhùn.

“Wọ́n ní àwọn gbọ́, etí àwọn ò di.”

“Sọ fún wọn pé ọmọ náà ti búra. Sọ fún wọn pé bí wọ́n bá dá a dúró, inú túbú ló máa sùn.”

“Sọ fún un pé ẹni tó wà nínú túbú, wọ́n ṣì ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ẹni tó wà nínú sàréè, òdòdó ni wọ́n ń gbé lọ.”

Lupe bu omi mu nínú ìkòkò ẹ̀bá ilẹ̀kùn. “Ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀fun òjíṣẹ́ yín ti gbẹ. Ẹ ti rán mi ní gbogbo iṣẹ́ tán. Èmi tí mo bí i, ẹnikẹ́ni ò bi mí.”

Vaimoana gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. “Ó dáa, mo bi ọ́. Kí lo fẹ́?”

“Mo fẹ́ kó dúró,” ni Lupe dáhùn. “Mo tún fẹ́ kí ojú má tì í láéláé. Ẹ bá mi mú ọ̀kan nínú méjèèjì, torí ọwọ́ mi ò ká a.”

Lẹ́yìn ọgbà, Uaisele kò yíjú padà. Igi ló ń wò.

Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ lọ́jọ́ náà, Peni fúnra rẹ̀ wá. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹrí ba. Ó ti fá irun rẹ̀; orí rẹ̀ wá kéré bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta.

“Ìyá mi, ṣé ẹ máa dá mi dúró?”

“Ṣé o fẹ́ lọ?”

“Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá lọ, ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n máa fi dí àyè mi. Àwọn tí a jọ sùn, tí a jọ jẹ nínú abọ́ kan, wọ́n á lọ láìsí mi.”

“Ṣé o gbà pé ogun náà dára?”

“Mi ò mọ̀, Ìyá. Àwọn tó mọ̀ ò bi mí.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Vaimoana lára ju ọ̀rọ̀ gbogbo àwọn àgbà lọ. Ó bu iṣu àti ẹja tó gbóná fún un, ó ní kó jẹun. Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu èèpo igi, ó sì ń lù ú láìsí ìdùnnú láìsí ìbínú, bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù nínú rẹ̀.

Ọ̀gágun tó wá kó àwọn ọmọ náà lọ, Halamaka ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Tonga ni, ṣùgbọ́n Níu Sílándì ló ti gbọ́njú. Ó mọ àṣà bí ènìyàn ṣe ń mọ orúkọ ìlú tí kò dé rí. Wọ́n ti sọ fún un nípa obìnrin tí kì í ṣe àmín.

“Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà ni, àbí?” ló bi àwọn àgbà abúlé. “Ẹ wò ó, ọlá la máa fi pa á lẹ́nu mọ́. Tí àwọn ọmọ bá ti tò tán, ẹ pè é jáde kó wá fi òdòdó sí Peni lọ́rùn. Oníròyìn á ya fọ́tò. Ẹni tó bá fi òdòdó sí ọmọ ogun lọ́rùn níwájú gbogbo ayé, kí ló tún kù tó máa sọ?”

Motuliki fẹ́ kìlọ̀ fún un. “Ọ̀gá, tí wọ́n bá ti tò… tí wọ́n bá wà lórí ìdúró…”

“Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni ńlá ni fahu.”

Òótọ́ ni, ó mọ̀ pé ẹni ńlá ni. Ohun tí kò mọ̀ ni ibi tí orí ọmọ gbọ́dọ̀ wà bí ẹni ńlá náà bá ń bọ̀. Ìmọ̀ àbọ̀ ló ń gbé ni dé àárín odò.

Ọjọ́ pé. Gbogbo Lotofale wà ní èbúté, wọ́n so ẹní híhun mọ́ ìdí bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́jọ́ ọlá. Ọkọ̀ ojú omi ń mì díẹ̀díẹ̀ lórí omi tó mọ́ gaara. Àwọn ọmọ ogun tò lórí iyanrìn, àpò lẹ́yìn, ìbọn léjìká, Peni ló gbẹ̀yìn. Halamaka pàṣẹ, “Ẹ dúró ṣinṣin!” Gìgísẹ̀ wọn dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Vaimoana.

Ó dìde láàárín àwọn obìnrin, ẹ̀gbà òdòdó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ìgbà náà ni abúlé rí ohun tí Ọ̀gágun kò rí. Peni wà lórí ìdúró. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì ń bọ̀.

Adìẹ bà lókùn. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí Peni bá jókòó, ó ti rú òfin ológun lójú ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì tì í mọ́lé. Bí ó bá dúró, ó ti dúró lé fahu rẹ̀ lórí, lójú ìyá, lójú bàbá, lọ́jọ́ tó ń lọ sójú ogun.

Vaimoana rí i. Ó rí i kedere bí ènìyàn ṣe ń rí òkúta nísàlẹ̀ omi. Ó rí i pé òun ti gba ọmọ náà padà tán. Kò nílò kí òun sọ ọ̀rọ̀ kan. Kí òun ṣáà máa rìn lọ ni. Orúnkún ọmọ náà yóò ṣe ìyókù. Ọkọ̀ náà yóò lọ láìsí i, ẹ̀mí rẹ̀ yóò sì wà lórí ilẹ̀. Ohun tó ti ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ yìí wá nìyí, àfi bí ẹni pé wọ́n gbé e sí i lọ́wọ́.

Ó rìn sún mọ́ ọn. Omi ń bọ́ lójú Peni, kò sì lè nù ún, nítorí àṣẹ ṣì wà lórí rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: ojú tó ń sunkún yẹn ń wo Vaimoana, ó ń bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó ń bẹ̀ ẹ́ fún. Orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Vaimoana ronú pé: bí mo bá fi ìtìjú fa ọmọ yìí wálé, èwo nínú rẹ̀ ló máa délé?

Ó dúró. Ó ká ẹní ìdí rẹ̀ mọ́ra. Ó sì jókòó sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo ní ó jókòó sílẹ̀, lórí iyanrìn, níwájú bàtà ọmọ àbúrò rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó sì rẹ orí rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà tí òkun ti ń lu etí ilẹ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí. Lupe ká ọwọ́ lérí. Uaisele, tó dúró sọ́nà jíjìn nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wó lulẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣá lẹ́sẹ̀. Nítorí bí ẹni gíga bá ti wà nílẹ̀, ta ni yóò dúró? Gbogbo abúlé jókòó. Ìró wọn dà bí ìgbà tí atẹ́gùn bá gba orí oko ìrèké kọjá. Oníròyìn gbé kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀, òun náà jókòó. Àwọn ọmọ ogun nìkan ló kù lórí ìdúró, àti ọ̀gá wọn, tí ẹ̀rín ti gbẹ lójú rẹ̀.

“Peni,” ni Vaimoana pè.

“Ìyá.”

“Dúró. Dúró dáadáa, kí ẹ̀yìn rẹ gún. Kò sí ẹni tó máa sọ láéláé pé o dúró lé mi lórí. Èmi ni mo jókòó.”

Ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé ọrùn ọmọ náà láti ibẹ̀. Ó tú ẹ̀gbà òdòdó náà, ó sì so ó mọ́ ọn ní ọrùn ẹsẹ̀, lórí bàtà dúdú. “Ẹsẹ̀ ló ń gbé ni lọ,” ló wí. “Ẹsẹ̀ náà ni mo ń bẹ̀.”

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Ọ̀gágun, kò sì gbé ohùn sókè. Kò nílò rẹ̀. Ìgbì omi nìkan ló bá a du ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

“Ọ̀gágun, mi ò fọwọ́ sí ogun yìí. Mi ò fọwọ́ sí i lánàá, mi ò ní fọwọ́ sí i lọ́la. Bí ẹ bá ya fọ́tò mi, ẹ kọ ìyẹn sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí kọ́ ló dá a sílẹ̀, ọrùn wọn sì ni wọ́n máa fi rù ú. Mo jókòó fún wọn. Ohun gbogbo tí Peni ní, tèmi ni, ẹ̀mí rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Mi ò fi í ta yín lọ́rẹ. Mo yá yín ni. Ohun tí ènìyàn bá yá, ṣé ẹ mọ̀ pé ó ń dá a padà?”

Halamaka ṣí fìlà kúrò lórí. “Mo mọ̀, Ìyá.”

Ó yí padà sí àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ sínú ọkọ̀. Ohùn náà kéré. Kò jọ ti àṣẹ mọ́. Iwájú Vaimoana ni ọ̀nà ọkọ̀ gbà. Ọmọ ogun àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ọmọkùnrin gìrìwò kan láti erékùṣù mìíràn, tí Vaimoana kò mọ̀ rí. Nígbà tó dé iwájú rẹ̀, kò sí ẹni tó pàṣẹ fún un: ó tẹ̀ ba tòun ti àpò tòun ti ìbọn, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iyanrìn, ó ní “Tulou,” bí ọmọ ilé rere ṣe ń wí bó bá ń kọjá níwájú àgbà. Ìkejì tẹ̀ ba. Ìkẹta tẹ̀ ba. Títí wọ́n fi tán ni wọ́n ń tẹ̀ ba, tulou, tulou, bí ìgbì tó ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan sí etí ilẹ̀, bí ọ̀kan bá sì ti kọjá, Vaimoana á fọwọ́ kan bàtà rẹ̀, á ní, “Kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ padà.” Gbogbo wọn ló wí i fún, ọmọ tó mọ̀ àti ọmọ tí kò mọ̀.

Peni gbẹ̀yìn. Ó rọra ń gbé ẹsẹ̀ kan kí òdòdó rẹ̀ má baà já. Báyìí ló ṣe wọ ọkọ̀ ogun, òdòdó lẹ́sẹ̀ kan.

Ọkọ̀ ṣí. Ó di kékeré, ó di àmì lójú omi, ó wọlé sínú ìmọ́lẹ̀. Vaimoana kò dìde, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò dìde. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ó ń fi ahọ́n lá etí aṣọ wọn, ọmọdé, àgbà, àlùfáà. Síbẹ̀ wọ́n jókòó. Motuliki la ẹnu láti dá àpárá, ó tún pa á dé. Ó sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé òun ni òun ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tí òun sì bẹ̀rù láti sọ ọ́.

Oṣù púpọ̀ kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkọ̀ kékeré kan dé láìsí ayẹyẹ. Àwọn méjì ló sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn wọ Lotofale, wọ́n dé ẹnu ọgbà Vaimoana, àwọn méjèèjì sì jókòó sílẹ̀, Halamaka tòun ti aṣọ ológun rẹ̀, Peni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ìyá,” ni Ọ̀gágun wí, “mo mú ohun tí mo yá dé.”

Vaimoana jáde. Ó wo ọmọ náà pẹ́. Ara rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ sì ń wo ẹ̀yìn ènìyàn bí ẹni pé ẹlòmíràn ń bọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí èso kan já lulẹ̀ lórí igi, ó ta gìrì.

“Kò rí bó ṣe wà,” ni Vaimoana wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Mi ò lè pa irọ́.”

Obìnrin náà fọwọ́ bo orí Peni, kò gbé e kúrò. Ó ní, “Ogun yẹn ò tíì dára lójú mi o.”

“Mo mọ̀.”

“Ìwọ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá tìẹ ńkọ́?”

Halamaka wo ilẹ̀. “Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn, Ìyá.”

“Lọ kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wọlé ná, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ jẹun.”

Bó ṣe rí nìyẹn. Vaimoana sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ èbúté yẹn fún Lupe nìkan, nídìí igi tí wọ́n jọ ń lu aṣọ lé. Lupe sọ ọ́ fún ìyá mi nígbà tí ìyá mi ń bá a fá èèpo igi. Lẹ́nu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti dé ọ̀dọ̀ yín.